Ta Ló Ni Ẹṣin Ogun?

Ẹni tó ń bọ́ ẹṣin ogun, ṣé òun náà ló yẹ kó máa pinnu ìgbà tí ogun yóò tán? Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Lọ́dún 1940, táǹkì ogun tí Faransé ní kò kéré sí ti Jámánì. Àmọ́ Faransé fọ́n púpọ̀ nínú tiwọn káàkiri sáàrin ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Jámánì kó tiwọn jọ sí ọ̀wọ́ ńlá mẹ́wàá. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó ń wọ mọ́tò àti àwọn alágbá tirẹ̀, olórí kan ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ tí Faransé fi túúbá.

Ìlọrin ayé àtijọ́ kò ní táǹkì, ẹṣin ló ní. Ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa yìí, ní Malete àti gbogbo agbègbè Mọ́rò, gba ẹṣin. Bó bá wọ inú igbó kìjikìji, àìsàn ni yóò pa á. Ẹ má sì rò pé Ẹ́míà ló ni gbogbo ẹṣin náà o. Balógun mẹ́rin ló wà: Gàm̀bàrí, Fúlàní, Ajíkòbí àti Alánamú. Kálukú ní àdúgbò tirẹ̀, àwọn ènìyàn tirẹ̀, ẹṣin tirẹ̀. Bí ogun bá dé, kálukú á kó tirẹ̀ jáde. Ọmọ ogun á ti mọ balógun tó ń bọ́ ọ kó tó mọ ẹni tó wà láàfin.

Ètò náà ní ire tirẹ̀. Nígbà tí Ìbàdàn já lu Ìlọrin lóru ní Òṣogbo, ní nǹkan bí ọdún 1840, ọwọ́ tẹ Balógun Ajíkòbí, ṣùgbọ́n Ali tí í ṣe Balógun Gàm̀bàrí sá àsálà. Apá kan ṣẹ́, ìlú kò parẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló wá lè ní kí ogun dúró? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Moma, tó jọba lọ́dún 1891, fẹ́ àlàáfíà. Àwọn balógun kọ̀ jálẹ̀. Ogun ni wọ́n ti ń rí ẹrú, ẹrú ló ń ro oko, oko ló ń bọ́ ẹṣin. Lọ́dún 1895 wọ́n gbógun ti ọba tiwọn fúnra wọn. Moma dáná sí ẹ̀tù ìbọn láàfin, ó sì bá a lọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 1897, Goldie àti ọmọ ogun Royal Niger Company dé pẹ̀lú àgbá àti ìbọn Maxim. Àwọn ẹlẹ́ṣin sáré lọ bá wọn. Akin ni wọ́n, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọta kò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀.

Àwọn kan a máa gbèjà àwọn balógun. Wọ́n ní ẹni tó ń bọ́ ẹṣin ló ni àṣẹ. Kò burú, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló bọ́ ọ? Ṣé balógun ló ń jí lọ gẹ koríko ni? Ẹrú ni. Ṣé òun ló gbin ọkà? Àgbẹ̀ abúlé ni. Bó bá jẹ́ pé bíbọ́ ẹṣin ló ń fúnni láṣẹ, àwọn wọ̀nyẹn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ká wá ní wọ́n kó gbogbo ẹṣin lé Moma lọ́wọ́ ńkọ́? Ìyẹn ì bá dára, torí pé Moma fẹ́ àlàáfíà. Bí ọba mìíràn tó fẹ́ràn ogun bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ọmọ yunifásítì kan ní Malete níbí ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ, pé táǹkì kì í jẹ koríko. Mo ní òótọ́ ni, epo ló ń mu. Owó ta ni wọ́n fi ń ra epo ọ̀hún?