Ẹ̀rọ Kì í Búra

"Kọ̀ǹpútà ló sọ bẹ́ẹ̀." Gbólóhùn yìí ni mo ń gbọ́ jù lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà mi. Kaṣíà ilé ìwòsàn á sọ ọ́ fún aláìsàn tó ní òun ti sanwó. Bọ́sà ilé ìwé á sọ ọ́ fún bàbá tó mú rìsíìtì dání. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ báyìí, gbogbo èèyàn á dákẹ́, àfi bí ẹni pé adájọ́ ti dá ẹjọ́. Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ń gba ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn lórí ẹ̀rọ àti sọ́fíwíà tó yẹ kí wọ́n rà, àti èyí tó yẹ kí wọ́n sá fún. Bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ló ń yé mi sí i pé ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ kọjá ti wáyà àti sáfà. Ìbéèrè ẹ̀sìn ni. Ǹjẹ́ ohun tí kò lẹ́mìí lè jẹ́rìí mọ́ èèyàn?

Ẹ wo bí a ṣe ń gba ẹ̀rí ní kóòtù wa. Onígbàgbọ́ á gbé Bíbélì sókè, Mùsùlùmí á di Kùráánì mú, oníṣẹ̀ṣe á fẹnu kan irin. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó rí, a ó kọ́kọ́ fi ohun tó ń bẹ̀rù dè é mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹni tó búra èké lórí irin mọ ohun tí Ògún lè ṣe. Ẹni tó di Kùráánì mú mọ̀ pé òun yóò jíhìn lọ́jọ́ Àlùkìyámà. Ohun tó mú kí ẹ̀rí níyì ni pé ẹlẹ́rìí ní nǹkan tó lè pàdánù: orúkọ, ọmọ, ẹ̀mí, ọ̀run. Kí ni sáfà lè pàdánù? Bí a bá pa á lálẹ́, a ó tún un tàn láàárọ̀.

Mùsùlùmí ni mí. Ẹsẹ tó gùn jù lọ nínú Kùráánì, ẹsẹ 282 nínú Súrátùl-Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé. Ó pàṣẹ pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, kí akọ̀wé sì ṣe é pẹ̀lú òdodo. Síbẹ̀ kò fi mọ bẹ́ẹ̀: ó tún ní kí á pe ẹlẹ́rìí sí i. Mo ti rò ó títí. Bí àkọsílẹ̀ bá tó, kí la tún ń fi ẹlẹ́rìí ṣe? Àwọn ọ̀rẹ́ mi Onígbàgbọ́ máa ń rán mi létí Deutarónómì orí 19, tí kò gbà kí á dá èèyàn lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ìwé méjèèjì mọ ohun tí a fẹ́ gbàgbé lónìí. Àkọsílẹ̀ ń ran ìrántí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ló ń ru ẹrù ọ̀rọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ irú tèmi mọ̀ ọ́n lórí. Ní 1999, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, Post Office, bẹ̀rẹ̀ sí í lo sọ́fíwíà ìṣirò kan tó ń jẹ́ Horizon, Fujitsu ló sì ń bójú tó o. Kò pẹ́ tí àwọn alámòójútó ẹ̀ka kéékèèké, àwọn tó ń ta sítáǹbù nínú ṣọ́ọ̀bù àdúgbò, fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé owó tí ẹ̀rọ ní ó yẹ kó wà nílẹ̀ pọ̀ ju èyí tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Wọ́n pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sọ fún pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Láàárín 1999 sí 2015, ó lé ní 900 èèyàn tí kóòtù dá lẹ́bi olè, jìbìtì tàbí ayédèrú ìṣirò. Seema Misra, tó ń bójú tó ẹ̀ka West Byfleet ní Surrey, wà nínú oyún nígbà tí wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 15 ní 2010. Ní Dalmellington, nílẹ̀ Scotland, òṣìṣẹ́ kan ń tẹ £8,000 wọlé, kọ̀ǹpútà sì kọ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ó tún un tẹ̀. Gbogbo ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rọ kà á sí owó mìíràn, títí ó fi di pé £24,000 tí kò sí níbì kankan ni wọ́n ń béèrè. Ọdún 2015 nìyẹn o, ọdún kẹrìndínlógún tí ẹ̀rọ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 2019 ni adájọ́ Fraser tó sọ ọ́ gbangba pé àṣìṣe inú Horizon lè sọ owó tó pé di àìpé. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ Seema Misra àti ti èèyàn 38 mìíràn padà, nígbà tó sì di 2024, ilé aṣòfin wọn ṣe òfin àkànṣe tó fagi lé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdájọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ti wọ kàá ilẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Apá ibi tó dùn mí jù ni ti òfin. Láti 1984, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde ṣe ẹ̀rí níbi ẹjọ́ ọ̀daràn ní England gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní 1999, ọdún kan náà tí Horizon ń tàn kálẹ̀, ilé aṣòfin pa òfin yẹn rẹ́. Láti ìgbà náà ni kóòtù ti ń gbà láìbéèrè pé ẹ̀rọ dára, àfi bí olùjẹ́jọ́ bá fi hàn pé kò dára. Báwo ni ẹni tó ń ta sítáǹbù lábúlé ṣe fẹ́ mọ ohun tó wà nínú sáfà Fujitsu? Wọ́n gba ìbúra lọ́wọ́ obìnrin aboyún, wọn ò gba ìbúra kankan lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ni wọ́n sì gbà gbọ́.

Èmi náà ti rí irú rẹ̀ nítòsí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ránṣẹ́ pè mí. Sọ́fíwíà wọn ní owó ẹgbẹ́ kò pé, akápò wọn sì jẹ́ ìyá tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Alága fẹ́ kí n tẹ ìwé tí wọn yóò mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá jáde. Ó ní, "Ẹ̀ngíníà, ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú." Ìyá náà jókòó ti ògiri, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Ọmọ mi, Ọlọ́run rí mi." Ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. Nínú gbogbo ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, òun nìkan ló pe ẹni tó jù ú lọ ṣẹlẹ́rìí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí i pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lágbede méjì, tí ìyá náà sì tún bọ́tìnnì tẹ̀, owó kan náà á wọlé lẹ́ẹ̀mejì: rìsíìtì méjì, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, orúkọ kan, iye kan, ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ṣe Dalmellington gan-an ni. Mo pe ilé iṣẹ́ tó ta sọ́fíwíà náà fún wọn. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù kò jiyàn rárá. Ó ní àwọn mọ̀ ọ́n, àtúnṣe rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n mọ̀! Ìyá olùkọ́ fẹ́ sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá lórí ohun tí wọ́n mọ̀.

Ní ti òfin, tiwa ní Nàìjíríà sàn ju ti England lọ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gba ìwé kọ̀ǹpútà wọlé bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ẹni tó sì wà nípò àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà lè fọwọ́ sí ìwé láti fi jẹ́rìí sí i. Àwọn lọ́yà kan ka èyí sí ìdíwọ́. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, nítorí ó fi èèyàn tó lórúkọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

Ní oṣù karùn-ún 2025, a rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn tó lórúkọ bá jáde síta. Èsì UTME, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, dé, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ọmọ tí máàkì wọn kò tó 200 nínú 400. Àwọn ọmọ náà ké. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dá wọn lóhùn pé orí fóònù ni wọ́n wà, wọn ò kàwé. Ní ọjọ́ 14, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, àjọ tó ṣe ìdánwò náà, dúró níwájú àwọn oníròyìn. Àtúnṣe tó yẹ kó dé orí àwọn sáfà kan kò dé ibẹ̀: ibùdó 65 ní agbègbè Èkó, 92 ní agbègbè Owerri. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ ni kò ṣe é. 379,997 ọmọ ló kàn, wọ́n sì ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Omi bọ́ lójú ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ó ní òun gba ẹ̀bi rẹ̀ sọ́rùn ara òun.

Àwọn kan fi omijé yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bá wọn ṣe é. Ó yẹ kí wọ́n ti yẹ àwọn sáfà yẹn wò kí èsì tó jáde, omijé kò sì lè dá oorun tí àwọn ọmọ náà pàdánù padà. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti Post Office. Níbẹ̀, ogún ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn kò lábùkù. Níhìn-ín, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀gá àgbà dárúkọ àṣìṣe, ó dárúkọ iye ọmọ tó kàn, ó sì dúró síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún un láti ti gbogbo rẹ̀ sórí ilé iṣẹ́ tó gbéṣẹ́ fún, kó sì padà sílé.

Títi ẹ̀bi sórí ẹlòmíràn gan-an ni òwò àwọn tó ń ta ẹ̀rọ fún wa. Bí wọ́n bá dé ọ́fíìsì oníbàárà mi, wọ́n á tan àwòrán aláràbarà sára ògiri, wọ́n á ní ẹ̀rọ àwọn kì í kú, ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Mo máa ń ṣírò rẹ̀ fún oníbàárà: nínú oṣù ọlọ́jọ́ 30, ó fàyè gba bí ìṣẹ́jú 43 tí ẹ̀rọ lè fi dákẹ́, tí wọn ò sì ní jẹ yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣí ẹ̀yìn ìwé àdéhùn, níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn lè dá padà kò ní ju owó tí ẹ san lọ. Àwọn kan á wá fà mí sẹ́yìn, wọ́n á ṣèlérí ìdá mẹ́wàá fún mi bí mo bá lè jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí i. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni mo ń pè é, mi ò gbà á.

Ní báyìí AI ti dé, gbogbo oníbàárà ló fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa dá àwọn èèyàn lóhùn dípò òṣìṣẹ́. Ní 2022, ẹ̀rọ irú bẹ́ẹ̀ lórí ìkànnì Air Canada ṣi ọkùnrin kan tí ìyá àgbà rẹ̀ kú lọ́nà lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé iṣẹ́ náà sọ pé ẹ̀rọ náà dá dúró, kó jẹ́jọ́ ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ní British Columbia kọ̀ ọ́ ní 2024, wọ́n ní kí Air Canada sanwó ọkùnrin náà. Mo ń bẹ̀rù ọjọ́ tí adájọ́ kan yóò gba àwáwí yẹn.

Wọ́n máa ń bi mí pé ta wá ni ẹlẹ́bi nígbà tí kò sí ẹnì kan tó mọ gbogbo inú ẹ̀rọ tán. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, fáìlì kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, da nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows rú, bàálù ò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú. Ìbéèrè náà wúwo, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fíkíhì, òfin Ìsìláàmù, ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́: ẹni tí ewu ohun kan wà lọ́rùn rẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí èrè ohun náà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè ẹ̀rọ, kó gba ẹ̀bi rẹ̀ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin onílé ìwé, ẹ̀yin dókítà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí yóò wá búra níwájú adájọ́ bí ẹ̀rọ náà bá pe olóòótọ́ ní olè. Kí wọ́n kọ orúkọ náà sínú ìwé. Bí wọn ò bá rí èèyàn dárúkọ, ẹ dá owó yín padà sápò.