Ta Ni Yóò Ro Ọ̀nà Odò?

Ní ayé àtijọ́, kí omi ẹ̀rọ tó dé, ọ̀nà odò kì í ṣe ti ẹnì kan ní ìlú. Ìyálé ń gbà á, ìyàwó ń gbà á, àlejò tí òǹgbẹ ń gbẹ náà ń gbà á. Bí koríko bá bò ó, kò sí ẹni tí a lè mú pé oko rẹ̀ ni ó pa tì. Síbẹ̀, ọ̀nà náà kì í di igbó, nítorí pé ìlú mọ ọjọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé ọkọ́ àti àdá lọ síbẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: bí ohun kan bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tí ìlú kò sì dá ọjọ́ kankan fún ríro rẹ̀, èjìká ta ni iṣẹ́ náà já lé? Ǹjẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà náà ni yóò máa ro ó títí ayé, nítorí pé òun ni ó ṣe oore?

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó gbé ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn, ní ìlú Abidjan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn wáyà abẹ́ òkun tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ni WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun Côte d'Ivoire. Kò sí ẹni tí ó nílò oníkéde. Láti Abidjan dé Accra àti Èkó, iṣẹ́ báńkì dojú rú. Ọmọ Èjìgbò tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, tí ó sì fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀ lórí fóònù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mọ̀ lọ́gán pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà náà ní olówó. Ó ní ọkọ̀ ojú omi tí a kọ́ fún àtúnṣe rẹ̀, ó ní òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, àdéhùn sì ti wà nílẹ̀ kí ó tó já. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n tún un so.

Ọjọ́ 15 lẹ́yìn èyí ni ìròyìn mìíràn jáde. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Abidjan, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ní èrò tèmi ó wúwo ju ti wáyà lọ. Kí a tó sọ ọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó dá lé.

Lábẹ́ àwọn ohun mèremère tí à ń rí lójú kọ̀ǹpútà, àwọn irinṣẹ́ kéékèèké kan wà tí kò ní àwòrán kankan. Orúkọ wọn ni a ó tẹ̀, a ó tẹ ohun tí a fẹ́ tẹ̀ lé e, wọn yóò sì ṣe é. Irinṣẹ́ sort ń to ọ̀rọ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Grep ń wá ọ̀rọ̀ rí láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé. Xz ń fún ìwé ńlá pọ̀ kí ó lè kéré. Inú Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969, ni a ti kọ́ àṣà pé kí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ kan ṣe, kí ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọdún 1983, Richard Stallman kéde ètò GNU, tí àkọsílẹ̀ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ yóò wà ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Lónìí, báńkì, ilé ìwòsàn àti ìjọba ń lo irú wọn, láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó ṣe wọ́n.

Ẹni tí ó kọ irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa gba ìyìn. Ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ kì í sábà rí i gbà. Olùtọ́jú a máa ka ẹ̀sùn àwọn tí irinṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ fún. A máa yẹ àtúnṣe tí àjèjì fi ránṣẹ́ wò láti ìlà dé ìlà, a máa dán an wò lórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ, a máa tún ìwé àlàyé kọ. Nígbà mìíràn, a máa kọ àbá tí ó dára pàápàá, nítorí pé yóò ba iṣẹ́ àwọn tí ó ti ń lo irinṣẹ́ náà jẹ́. Bí ó bá ṣe gbogbo èyí bí ó ti yẹ, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan.

Lasse Collin, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó ń tọ́jú XZ Utils, àkójọ irinṣẹ́ tí xz wà nínú rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2022, àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà dà á láàmú pé iṣẹ́ náà ń falẹ̀, pé kí ó fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó dá wọn lóhùn pé ìlera ọkàn òun kò pé láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni òun ń ṣe. Láti ọdún 2021 ni ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti wà nítòsí, tí ń fi sùúrù ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀dà 5.6.0 jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, 5.6.1 tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta, inú wọn sì ni Jia Tan la ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé sí, èyí tí ìbá mú un wọ inú àìmọye kọ̀ǹpútà bí onílé. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft, ni ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà kan ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Kò gbójú fò ó. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, ó sì ké gbàjarè ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, kí ohun náà tó tàn káàkiri.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀bi aláǹgbá kò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ó la ògiri lẹ́nu? Àárẹ̀ ẹnì kan ni. Àwa tí à ń lo irinṣẹ́ láìbèèrè ẹni tí ń tún un ṣe sì ní ìpín nínú àárẹ̀ náà.

Ọ̀nà méjì ni àwọn baba wa fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Nínú àáró, àṣepadà ni: bí a bá ro oko mi lónìí, a ó ro tìrẹ lọ́la. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí ó ní iṣẹ́ a bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, a se oúnjẹ fún wọn, kò sì sí ìṣírò lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó bá Collin kò jọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Òun nìkan ni ó ń ro oko, òun kan náà ni ó ń se oúnjẹ. Àwọn àlejò jẹun, wọ́n sì ń bínú pé ọbẹ̀ pẹ́ lórí iná.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ta ni ó fi tipátipá gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́? Ìdáhùn mi ni pé oore kì í di gbèsè lọ́rùn olóore. Ẹni tí ó fún mi ní àdá kò jẹ mí ní pípọ́n rẹ̀ ní ọdọọdún. Gbèsè kan ṣoṣo ni mo gbà pé ó wà lọ́rùn ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀: kí ó sọ òtítọ́ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Collin sì sọ ọ́. Àwa tí a gbọ́, tàbí tí ó yẹ kí a gbọ́, ni a kò dáhùn, títí ẹni ibi fi dáhùn dípò wa.

Ẹlòmíràn yóò ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá san owó. Òtítọ́ ni, wọ́n sì ti ṣe díẹ̀. Lẹ́yìn tí àléébù tí a pè ní Heartbleed hàn nínú OpenSSL ní ọdún 2014, Linux Foundation bá àwọn ilé-iṣẹ́ kan dá owó jọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀nà xz ṣì kún fún koríko. Owó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n owó nìkan kì í mọ ẹni tí ó ti rẹ̀. Ènìyàn ni ó ń mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ kan kò sì gbé ẹrù dé orí.

Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ ní Yopougon, tí ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, lè san? Lọ́jọ́ tí ìlú bá ń ro ọ̀nà odò, ọmọdé kì í gbé àdá. Omi mímu ni yóò bù fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Bí agbára ẹni bá ti mọ ni ojúṣe rẹ̀ ń mọ. Ẹni tí kò lè tún irinṣẹ́ ṣe lè fi pẹ̀lẹ́tù ròyìn ibi tí ó ti bàjẹ́. Ẹni tí kò lè ròyìn lè kọ ẹlòmíràn ní bí a ti ń lò ó. Ẹni tí kò lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn lè pa ẹnu mọ́ nígbà tí àwọn mìíràn bá ń bú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Kí ẹ̀yin olùkọ́ èdè má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ẹ wo lẹ́tà ẹ tí ó ní ohùn òkè. A lè tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà nípa fífi àmì ohùn lé orí ẹ, tàbí nípa fífi àmì sí abẹ́ e tí ó ti ní ohùn tẹ́lẹ̀. Ojú wa kò mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n grep mọ̀ ọ́n: bí a bá fi ọ̀kan wá èkejì, ó lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé. Irinṣẹ́ sort náà kò lè to gb sí ẹ̀yìn g bí ábídí wa ti là á sílẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá ti kọ òfin náà sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ń tọ́jú irinṣẹ́ wọ̀nyí ní ilẹ̀ òkèèrè lè má gbọ́ Yorùbá rárá. Ta ni ó yẹ kí ó sọ fún un, bí kò ṣe àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní ábídí?

Ní ìparí, mo padà sí ọ̀nà odò. Ìlú kò retí pé kí ẹni tí ó là á máa ro ó nìkan; bí gbogbo ìlú ti ń mu omi náà, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ́ ń kárí ilé dé ilé. Omi tí à ń mu lónìí ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí a kò mọ̀ wá. Kí a bèèrè orúkọ wọn, kí a sì bèèrè ọjọ́ tí ọkọ́ yóò kàn wá.