Ẹnu Ta Ni Tíì Yìí Dùn Mọ́?

Igi kan náà ni tíì aláwọ̀ ewé àti tíì dúdú ti ń wá. Fún sencha, tí í ṣe tíì aláwọ̀ ewé, bí àwọn àgbẹ̀ Shizuoka ní Jàpáànù bá ti já ewé tán, kíá ni wọ́n máa ń fi oru omi sè é kí ó má bàa pọ́n. Ti tíì dúdú kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn á jẹ́ kí ewé rọ, wọn á lọ́ ọ títí omi ara rẹ̀ yóò fi sun jáde, wọn á wá fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Iṣu tí a bó tí a kò tètè rẹ sómi máa ń pọ́n. Ohun tó ń ṣe iṣu yẹn gan-an ló ń ṣe ewé yìí. Àmọ́ ìyá tó ń bó iṣu á ní ó ti ń bàjẹ́, ẹni tó ń ṣe tíì á sì jókòó tì í, á máa gbóòórùn rẹ̀ títí àkókò yóò fi tó láti gbẹ ẹ́. Kí ni à ń pè ní ìbàjẹ́ nígbà náà?

Bí a bá mọ ohun tí a fẹ́ kí ewé dà, ó dà bí ẹni pé ìdáhùn ti yá. Ṣùgbọ́n ta ni “a” yẹn? Kì í ṣe nítorí ẹnu ara wọn ni àwọn ará Jàpáànù ṣe dáwọ́ lé tíì dúdú. Torí pé ìjọba Jàpáànù ìgbà Meiji ń wá ohun tí wọn yóò tà sí òkèèrè ni wọ́n ṣe rán Tada Motokichi lọ sí Íńdíà ní 1876, kí ó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó kó irúgbìn bọ̀, ó sì gbìn ín sí Mariko, ní Shizuoka. Ìran irúgbìn yẹn ni Benihomare, irú igi tíì tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1953. Nígbà tó di 1971, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún tíì dúdú ilẹ̀ òkèèrè, òwò tíì dúdú ti Jàpáànù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Àwọn àgbẹ̀ kan kò jáwọ́, àwọn mìíràn sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń fi Yabukita ṣe é, irú igi tí wọ́n yàn fún sencha. Tíì ọ̀hún tutù lẹ́nu, adùn rẹ̀ rọra ń bọ̀, kì í fa ahọ́n bíi ti Assam ní Íńdíà. Mílíìkì á bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà lásán ni wọ́n sábà máa ń mu ún. (Ẹ̀yin tí ẹ ò lè mu tíì láìsí mílíìkì alágolo, ẹ má bínú.) Ìwà pẹ̀lẹ́ tí kò lè bá ti Íńdíà du ọjà ni àwọn tó ń rà á lónìí ń wá kiri.

Ẹnìkan lè sọ pé ahọ́n nìkan ni adùn ń gbé nígbà náà. N kò gbà. Ẹ wọn gíráàmù mẹ́ta ewé, ẹ da omi híhó bí ife kan lé e, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi tó ti lọ wọ́ọ́rọ́: òórùn rẹ̀ kò ní jáde tó bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń mu ún fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ewé ní ohun tirẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ìfẹ́ wa tó lè fi kún un. Ohun tí a lè ṣe ni kí a yan ooru omi àti ìgbà tí a ó sẹ́ ẹ. Èyí tó ṣì ń rú mi lójú ni pé ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ṣe é fún ẹlòmíràn, ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn ti wà nínú rẹ̀.