Ọwọ́ Tí Ó Bá Abiyamọ Gbé Ọmọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ìkẹ́ sí ọkàn abiyamọ kí ọmọ tó mọ ọ̀nà ọyàn. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ̀ wọ́n lẹ́yìn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún yín àti fún ara wa pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba.

Ìbéèrè kan ni ó bí kútúbà ti òní. Lẹ́yìn tafsiri ọjọ́ Àìkú kan, ìyá àgbà kan nínú wa, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbogbo, òun a máa lọ sí ilé kan tí káńsù ṣí fún àwọn ìdílé tí wọ́n ní ọmọ wẹ́wẹ́ ní ìhà Peckham, òun a sì máa bá wọn ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù ní àkókò tí ó ń fi ṣòfò níbẹ̀, ì bá máa fi í ka Alùkùránì. Wọ́n ní ọmọ ta ni ó tilẹ̀ ń gbé? Ọmọ Òyìnbó, ọmọ ará Pólàǹdì, ọmọ ẹni tí kò mọ Ọlọ́hun rárá. Ó wá bi wá pé: "Ààfáà, ṣé ìsìn ni mò ń ṣe ni, àbí mo kàn ń fi ọjọ́ ogbó mi ṣeré?"

Ìdáhùn tí a fún un lójú ẹsẹ̀ kò tó nǹkan. A sọ fún un pé àníyàn ni ó ń gbé iṣẹ́ ró, a ṣe àdúà fún un, a sì wọ ọkọ̀ wa. Òótọ́ ni ohun tí a sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ènìyàn ń sọ kí ó lè tètè délé ni. Ìyá náà kò bi wá nípa àníyàn rẹ̀. Ó mọ àníyàn rẹ̀. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó ń bi wá nípa rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe tẹ̀lé e lọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a má baà jẹ́ ẹni tí ń dájọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

Gbọ̀ngàn kan ni, tí wọ́n tẹ́ ẹní rọ́bà sí nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ọmọ tò sí ẹnu ọ̀nà bí bàtà ṣe ń tò sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àwọn ìyá wà níbẹ̀, bàbá méjì náà wà níbẹ̀, ariwo ọmọ sì kún inú ilé. Obìnrin ará Pólàǹdì kan wọlé pẹ̀lú ìbejì, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kò fojú kan oorun láti ìgbà tí ó ti bí wọn. Ìyá wa gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, ó ń rìn lọ rìn bọ̀. (Táyé àti Kẹ́hìndé ni ó sọ wọ́n, ìyá wọn náà ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.) Ẹlòmíràn gba èkejì. Obìnrin náà jókòó, ó sì mu ife tíì kan nígbà tí ó ṣì gbóná. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ìyá wa kò wàásù fún un. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Ife tíì gbígbóná kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kí a sọ ohun tí iṣẹ́ ìyá náà jẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, òun náà nìyẹn. Ṣé nǹkan kékeré ni? Ẹ rántí pé odidi Sura kan wà nínú Alùkùránì tí a fi nǹkan kékeré sọ lórúkọ. Suratu al-Ma'un ni, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n lórí láti ìgbà tí a ti wà nílé kéwú. Nínú rẹ̀, Ọlọ́hun kìlọ̀ ègbé fún àwọn kan tí wọ́n ń kírun, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbàgbéra nípa ìrun wọn, tí wọ́n ń ṣe ṣekárími, tí wọ́n sì ń fi al-ma'un du ẹlòmíràn. Nínú àlàyé àwọn sàhábé lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn nǹkan tí aládùúgbò ń yá lọ́wọ́ ara wọn wà níbẹ̀: ìkòkò, garawa, àáké. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn yín wá yá àáké. Ìkòkò wà nílé olúkúlùkù. Ohun tí kò sí nílé ni ọwọ́ kejì. Bí àáké bá jẹ́ al-ma'un ní Mẹ̀dínà, a kò rí ìdí tí apá ìyá àgbà tí ó ṣófo fún wákàtí méjì kò fi ní jẹ́ al-ma'un ní Peckham.

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí nílé. Obìnrin bímọ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìjẹ̀bú, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ti dé pẹ̀lú ẹrù. Wọn yóò wẹ ọmọ, wọn yóò fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, wọn yóò gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. A kò sọ pé adùn nìkan ni. Àwọn obìnrin wa mọ ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ igba ènìyàn náà. Síbẹ̀, ẹ wo ọmọbìnrin wa tí ó bímọ níhìn-ín: yàrá méjì ní àjà kẹfà, ọkọ lọ síbi iṣẹ́ òru, wọn kò fún ìyá rẹ̀ ní ìwé ìwọ̀lú, kò sì mọ orúkọ ẹni tí ń gbé nínú ilé tí ó kọjú sí tirẹ̀. Igba ènìyàn ti di òun nìkan.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dá wa lóhùn pé: kí ni ìjọba wà fún? A ń san owó orí. Bí a bá sì fẹ́ ṣe sàárà, ẹ jẹ́ kí a dá owó, kí a fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 1998 ni ìjọba ilẹ̀ yìí kéde ètò tí wọ́n pè ní Sure Start, pé ní àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí, kí ilé kan wà níbi tí òbí tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ yóò ti rí onímọ̀ ìlera, ibi tí ọmọ yóò ti ṣeré, àti ẹni tí yóò gba ìyá ní ìmọ̀ràn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2010, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní 3,000 ní England. Láti ìgbà náà ni owó ti dínkù, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti tì. Ọwọ́ ìyá àgbà kan kò lè ṣí ilé tí káńsù tì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi inú rere ìyá àgbà bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó kọ ojúṣe rẹ̀ sílẹ̀. Owó ṣe pàtàkì. A kò ní sọ ohun mìíràn lórí mínbárì yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn kan nípa owó. Umar ọmọ Khattab, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, dá owó ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé láti inú àpò ìjọba, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni yóò máa gbà á. Ní òru ọjọ́ kan, àwọn oníṣòwò kan sọ̀kalẹ̀ sí Mẹ̀dínà, Umar sì ń ṣọ́ wọn. Ó gbọ́ ẹkún ọmọ kan. Ó lọ bá ìyá ọmọ náà, ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ó tọ́jú ọmọ rẹ̀. Ó padà, ó tún gbọ́ ẹkún, ó tún lọ bá a wí. Nígbà tí òru ń parí lọ, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó pè é ní ìyá burúkú. Obìnrin náà kò mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin yìí ti yọ òun lẹ́nu ní òru òní. Òun ń já ọmọ lẹ́nu ọmú ni, ọmọ sì kọ̀. Umar bi í léèrè ìdí tí ó fi ń kánjú. Ó ní nítorí pé Umar kì í fún ọmọ tí ń mu ọmú lówó ni. Wọ́n ròyìn pé nígbà tí Umar kí ìrun Subhi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹkún kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbọ́ kéwú rẹ̀ dáadáa. Ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n kéde káàkiri pé láti ọjọ́ tí a bá ti bí ọmọ ni yóò ti máa gba owó tirẹ̀.

Owó rere ni owó Umar, àníyàn rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n owó kò ní etí. Owó náà ti ń pa àwọn ọmọ lẹ́kún, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀, títí olówó fi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ọmọ ti ń sunkún. Èyí ni ìdáhùn wa fún arákùnrin wa inú ìgbìmọ̀: dá owó, bá káńsù jà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí etí rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Umar kò fi gbígbọ́ ẹkún rọ́pò òfin. Gbígbọ́ ẹkún ni ó jẹ́ kí ó mọ òfin tí yóò yí padà.

Ẹ sì kíyè sí ohun kan nínú ìtàn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Umar bá abiyamọ náà wí kí ó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a ń sọ yìí, ọmọbìnrin kan dìde láti orí ẹní, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ààfáà." Ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ó máa ń kírun lẹ́yìn níhìn-ín ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. A bi í pé ibo ni ó wọlé sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ń to bíríkì onírọ́bà, ó ní, "Níbí, wọn kì í ní kí n gbé e jáde." Ìgbà náà ni a rántí. Àwa ni a wà lórí mínbárì ní ọjọ́ Jímọ̀ náà. Ọmọ ń ké, a dá kútúbà dúró, a sì ní kí ẹni tí ó ni ín gbé e jáde. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ibi kankan tí a pèsè sílẹ̀ tí yóò gbé e lọ.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa ní in lọ́kàn láti fa ìrun gùn. Bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọ, yóò gé e kúrú nítorí ìnira ìyá rẹ̀. A mọ Hàdíìsì yìí. A ti fi kọ́ àwọn ọmọ kéwú. Ìrun ni Ànábì gé kúrú, àwa kò sì lè gé ọ̀rọ̀ ẹnu ara wa kúrú. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lójú àwọn ènìyàn, a sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin abiyamọ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ti pé ọmọ ta ni: ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó gùn. Nínú Suratu al-Insan, Ọlọ́hun yin àwọn tí wọ́n bọ́ aláìní, ọmọ òrukàn àti ẹni tí a mú lójú ogun, tí wọn kò sì fẹ́ ẹ̀san tàbí ọpẹ́. Ẹni tí wọ́n mú lójú ogun ní àsìkò náà, ọ̀tá ẹ̀sìn ni. Ìbejì ará Pólàǹdì kò bá ẹnikẹ́ni jagun. Ẹ má sì fi ìrànlọ́wọ́ dẹ ìdẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá tí ó rẹ̀ láti lè há ìwé ìwàásù fún un ti sọ sàárà di ọjà.

Ó kù díẹ̀ tí a fẹ́ bá àwọn ọkùnrin sọ. Ẹ má ṣe kúrò lọ́dọ̀ aya tí ó ń dá gbé ọmọ nílé kí ẹ lọ gbé ọmọ ọlọ́mọ. Ànábì a máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé, kí ìrun tó pè é jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá ṣetán láti lọ, ẹ mọ̀ pé wọn yóò wádìí yín lọ́dọ̀ àjọ DBS kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ dúró ti ọmọdé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún sì lè jẹ́ ọ̀gá yín, kí ó máa kọ́ yín bí a ti ń fọwọ́. Àgbàlagbà kan nínú wa ti bínú sí èyí, ó ní òun kì í ṣe olè. Ààbò ọmọ ni, kì í ṣe àbùkù àgbà. Wọn kì í gbà kí a ya fọ́tò níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà kò sí ohun tí ẹ óò gbé sórí Facebook. Àwa rí i pé oore ńlá ni ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí ń sá fún ṣekárími.

Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dé gbọ̀ngàn lè wo Home-Start, tí Margaret Harrison dá sílẹ̀ ní Leicester ní ọdún 1973: àwọn tí ń bá wọn yọ̀ǹda ara wọn ń lọ bá ìdílé kan nínú ilé wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, fún wákàtí díẹ̀.

Láti Jímọ̀ tí ń bọ̀, yàrá tí a ń kó ẹní àtijọ́ sí lẹ́yìn yóò di ti àwọn abiyamọ. Wọ́n ti fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ibẹ̀. A ń fẹ́ ẹni méjì tí yóò máa jókòó pẹ̀lú wọn ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí ẹ óò kọ orúkọ yín sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń bọ́ bàtà sí. Èyí tí ó wà fún ilé àwọn ìdílé ní Peckham wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá wa ti ní kí a fi orúkọ tiwa náà sí i, a sì ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ DBS kò tíì dá wa lóhùn.