TA NI Ó YẸ KÍ Á PA ÌTÀN NÁÀ FÚN?

Ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ ohun kan tí yóò wúlò fún ìjọ, wọ́n sì kìlọ̀ pé kí ó má gùn jù. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, ọkàn mi kò kúrò lórí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ níṣojú mi ní ọjọ́ ìkórè, ní ìjọ kan ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ ìjọ náà.

Òjò ọdún náà kò ṣe dáadáa. Ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn sáré gbin àgbàdo, ló bá dáwọ́ dúró. Àgbàdo gbẹ mọ́lẹ̀. Àwọn tí ó lágbára tún irúgbìn rà, wọ́n tún un gbìn. Nígbà tí òjò yóò tún dé, ó dé bí ẹni tí ń bínú, ó gbá ebè lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìkórè kò, tábìlì ìkórè kò kún. Oníwàásù ọjọ́ náà, àlejò ni, ó ní òun mọ ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn tí ń sun èédú ni. Ó ní àwọn ni wọ́n gé igi Ọlọ́run tán, tí Ọlọ́run fi ti fèrèsé ọ̀run pa. Ó ní kí gbogbo ẹni tí ń sun èédú nínú ìjọ bọ́ síwájú, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí á gbàdúrà ìrònúpìwàdà lé wọn lórí.

Obìnrin mẹ́rin ló bọ́ síwájú. Ọkùnrin kan ṣoṣo kò jáde.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, opó ni, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé èmi ni mo lé òjò lọ?" Mo ní kí ó dìde. N kò rí nǹkan mìíràn sọ. Ìdáhùn tí n kò rí fún un lọ́jọ́ náà ni mo ń wá nínú ìwé yìí.

Ẹ má ṣe rò pé mo ní oníwàásù parọ́. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ìsẹ́yìn, tí ó gba Òkèhò lọ sí Ṣakí, tí ó tún kọjá sí Ìgbòho àti Kìṣí, yóò rí àpò èédú lẹ́bàá títì bí ẹni pé òun ni ilẹ̀ ń hù. A mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn a gé igi tútù, wọn a tò ó jọ, wọn a fi koríko bò ó, wọn a fi erùpẹ̀ rọ́ ọ lórí, wọn a wá ti iná bọ inú rẹ̀, kí ó máa jó díẹ̀díẹ̀ láìrí afẹ́fẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ ni igi apá ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni irúgbá tí a fi ń ṣe irú, àti igi òrí, ṣe ń lọ. Igi òrí kì í kánjú, ó lè gba bí ogún ọdún kí ó tó so dáadáa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ó ti di èédú. Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ní ìhà Ìsẹ́yìn, kí èédú tó di òwò ńlá, igi ni wọ́n fi ń dáná yá tábà fún àwọn oníṣòwò sìgá. Ilẹ̀ tí igi kò bò mọ́, oòrùn a mu omi inú rẹ̀ gbẹ, òjò tí ó bá sì rọ̀ a gbá ọ̀rá ilẹ̀ lọ sódò. Orí òkè lẹ́bàá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣàn wá. Ó kọjá ní Ikere, níbi tí ìjọba ti sé e nítòsí Ìsẹ́yìn, ó gba Abẹ́òkúta, ó di inú ọ̀sà Èkó. Ohun tí a bá ṣe sí ilẹ̀ níhìn-ín, ẹni tí kò mọ̀ wá rí ni yóò bu omi rẹ̀ mu. Nítorí náà ẹ̀ṣẹ̀ wà ńbẹ̀, n kò fi omi wẹ̀ ẹ́ nù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣí Bíbélì sí Sámúẹ́lì Kejì, orí kejìlá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n láti kíláàsì ọmọdé. Dáfídì ti gba aya Ùráyà, ó sì ti pa Ùráyà. Ọlọ́run rán Nátánì. Nátánì kò bú ọba. Ìtàn ló pa. Ọkùnrin méjì wà ní ìlú kan, ọ̀kan lówó, ó ní agbo àgùntàn lọ́pọ̀lọpọ̀; èkejì tálákà, kò ní ju abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan, tí ó ń jẹun nínú àwo rẹ̀ bí ọmọ. Àlejò dé bá olówó, olówó kò fẹ́ pa nínú ti ara rẹ̀, ó lọ mú ti tálákà. Inú bí Dáfídì, ó dá ẹjọ́ náà, ó sì dá a dáadáa, kò mọ̀ pé ara òun lòun ń dá lẹ́bi.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni ibi tí Nátánì gbà lọ. Kò lọ sí ilé Ùráyà lọ wàásù nípa bí ọkùnrin ti í ṣọ́ aya rẹ̀. Kò wá tálákà náà rí kí ó bi í pé kí ló dé tí kò fi okùn tí ó le so àgùntàn rẹ̀. Ààfin ló gbà lọ tààrà. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ tí a bá gbé lọ sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, òtítọ́ náà a di ìyà.

Ó dára, ta ni olówó inú ìtàn tiwa? Àwọn obìnrin mẹ́rin yẹn kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń gégi. Ẹni tí ó ní in jókòó sí àga iwájú lọ́jọ́ náà, ó ń ṣe Àmín. (Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó máa ń jókòó sí àga iwájú.) Wọn kò ní tírélà. Wọn kò mọ oníbàárà tí ó wà ní Ìbàdàn àti Èkó, tí gáàsì wọ́n fún, tí ó padà sí ààrò èédú. Wọn kò sì rí òyìnbó ní Yúróòpù tí ń fi èédú ilẹ̀ Áfíríkà sun ẹran jẹ nínú ọgbà rẹ̀ nígbà tí oòrùn wọn bá ràn.

Ẹ jẹ́ kí á tún lọ sókè sí i. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ojú ọjọ́ sọ fún wa pé èéfín èédú ilẹ̀, bẹntiróòlù àti gáàsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń sun fún ohun tí ó lé ní igba ọdún ti bo ayé bí kúbùsù. Ooru kò rí ọ̀nà jáde. Òkun ń gbóná, òjò sì ṣì lọ́nà, kò mọ ìgbà tí yóò dé mọ́. Nínú èéfín tí ayé ń tú sókè lọ́dọọdún, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ti gbogbo Áfíríkà pátá kò tó 5. Bẹ́ẹ̀, ní 2022, ìkún omi pa ohun tí ó ju 600 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé ohun tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Ní ilẹ̀ tiwa gan-an, òfin 1979 ní kí àwọn awapo dẹ́kun sísun gáàsì dànù títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, àfi ẹni tí ìjọba bá fún ní ìwé àṣẹ. Iná náà kò tíì kú títí di òní. Ẹ gbọ́ ná: gáàsì tí ó yẹ kí opó yìí fi se ọbẹ̀ ni wọ́n ń sun dànù ní ìhà ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òun la wá ní kí ó kúnlẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ààfin jìnnà, ta ni yóò gbọ́ tiwa?" Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Íjíbítì ní 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tí omi àti ọ̀dá ti bà jẹ́ pa ìtàn wọn níwájú gbogbo ayé, wọn kò sì yé pa á títí a fi fohùn ṣọ̀kan pé kí á dá àpò owó kan sílẹ̀ fún irú àdánù bẹ́ẹ̀. Ní Dubai ní 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìlérí owó sí i. Mo mọ̀ pé ìlérí kì í ṣe owó ọwọ́. Àwọn ààfin kékeré náà sì wà nítòsí: ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ilé baálẹ̀, àti àga iwájú yẹn.

Màmá kan wà ní Kẹ́ńyà, Wangari Maathai, tí ó kó àwọn obìnrin oko jọ ní 1977 láti máa gbin igi. Wọ́n gbin ohun tí ó lé ní 30 mílíọ̀nù. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 2004. Ó fẹ́ràn láti máa pa ìtàn ẹyẹ kékeré kan: iná ń jó igbó, gbogbo ẹranko dúró wòran, ẹyẹ yìí ń fi ẹnu bu omi wá, ẹ̀kán kan lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ tí ó ń tún ìtàn náà pa a máa yin ẹyẹ, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí màmá náà ti ń pa á, erin wà nínú rẹ̀, ó dúró, ó ní ọwọ́jà tí ó lè fi fa omi púpọ̀, kò sì fa nǹkan kan. Ẹni tí ó bá yọ erin kúrò ti ba ìtàn náà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹ̀rù. Àwọn bàbá wa pẹ̀lú pa ìtàn nípa igbó. Wọ́n ní obìnrin kì í wọ igbó orò. Wọ́n ní a kì í fi àáké kan ìrókò báyìí-báyìí, olúwéré ń bẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí Fágúnwà kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1938, igbó tí ó kún fún irúnmọlẹ̀ ló kọ nípa rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1930, Ọlọ́run ti fi Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá jí àwọn ènìyàn dìde ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, àwọn èèyàn sì ń kó ère àti oògùn wọn wá sun. Ẹ̀rù kúrò. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ láàárín ara wa: ẹ̀rù yẹn ló ń ṣọ́ igi. A lé e jáde, a kò fi ìtàn mìíràn sí àyè rẹ̀. Ọmọ wa wọ igbó náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, ó ń kọrin ìyìn.

Nísisìnyí àwọn kan fẹ́ mú ẹ̀rù mìíràn wọlé. Ọdún tuntun kò ní dé kí ẹnìkan má rí ìran pé ilẹ̀ yóò jóná, pé ayé ti parí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà ń sọ ọ́ ní èdè tiwọn. Mo bi yín: bí ayé bá ti parí, ta ni yóò gbin igi òrí tí yóò so ní ogún ọdún? Ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì ni ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ nínú jù, nítorí yóò ní, "Ó ti parí náà nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n gé èyí tí ó kù."

Àwa Aládùúrà, ilé ìran ni ilé wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á tún ìwé Jónà kà. Ó kéde pé 40 ọjọ́ péré ló kù kí Nínéfè bì wó. Ọba sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó fi aṣọ ọ̀fọ̀ bora. Ẹ kíyè sí i, ọba, kì í ṣe opó mẹ́rin. Ìlú yí padà, Ọlọ́run sì yí padà. Inú bí wòlíì nítorí pé ìran rẹ̀ kò ṣẹ! Bẹ́ẹ̀ ìdí tí a fi rán an gan-an ni pé kí ó má baà ṣẹ. Ìwé náà kò ní Àmín nínípẹ̀kun. Ìbéèrè ni Ọlọ́run fi parí rẹ̀, ó bi Jónà bóyá kí òun má dá ìlú tí ó ní ju 120,000 ènìyàn lọ sí, àti ọ̀pọ̀ ohun ọ̀sìn.

Mo padà lọ bá opó náà. Mo sọ fún un pé òun kọ́ ló lé òjò lọ, pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ díẹ̀, pé ọwọ́ àwọn mìíràn pọ̀ níbẹ̀ jù, àti pé èmi yóò bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀. Mo ti bá méjì sọ̀rọ̀. Ọ̀kan kò kí mi mọ́.

Ní ìkórè tí ó tẹ̀lé e, ó gbé agbọ̀n kan wá. Irúgbìn igi òrí ló wà nínú rẹ̀, mẹ́wàá, ó gbìn wọ́n sínú ọ̀rá omi tí wọ́n ti mu sọnù. Ẹni tí ń lu gbàǹjo gbé e sókè, ó wò ó lọ wò ó bọ̀, kò mọ iye tí yóò pè é. Mo ra méjì. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan. Èkejì wà lẹ́yìn ilé mi, ó ti tó orúnkún.