Ta Ló Ni Èyí Tó Ṣẹ́kù?

Láyé àtijọ́, nígbà tí owó ẹyọ ni àwọn baba wa ń ná, ogójì ẹyọ ni wọ́n máa ń sín sínú okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló ń di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Àpò ni ọ̀kẹ́. Iye tó kún àpò ló di orúkọ òǹkà.

Ọ̀kẹ́ kan dùn ún pín. Bí a bá tú u palẹ̀, 2 àti 5 nìkan la ó bá nínú rẹ̀: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 32; 5 × 5 × 5 × 5 jẹ́ 625; 32 × 625 ló sì fún wa ní 20,000. Nítorí náà, ọgbọ̀n nọ́ńbà ló lè pín in láìṣẹ́kù. Ènìyàn méjì, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, àní ogójì pàápàá lè pín in láìjà. Ṣùgbọ́n kò sí 3 nínú rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pín in, 6,666 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, 2 á sì ṣẹ́kù.

Mẹ́ta gan-an ni wá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ní Ìkòyí-Ilé níbí, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò wa gbin ẹ̀pà sí ẹ̀gbẹ́ oko bàbá wa, a sì tà á ní ₦20,000. Èmi tí mo mọ ìṣirò ni wọ́n ní kí n pín in. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi ní ₦6,700, mo mú ₦6,700, mo fún àbúrò mi ní ₦6,600. Mo ní, "Owó yìí kò ṣe é pín dọ́gba sí mẹ́ta." Òtítọ́ ni. Àbúrò mi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ṣé ẹni tó sọ òtítọ́ lè rẹ́ni jẹ? Mo gbà pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà sọ pé nǹkan yóò ṣẹ́kù. Kò sọ ẹni tí tirẹ̀ yóò kéré. Èmi ni mo yàn án, ẹni tí kò lè bi mí léèrè ni mo sì yàn.

Àwọn kan lè ní ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ gba èyí tó kéré. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín ló yẹ kó gbà á. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń ní kí èwe pín ẹran, kí àgbà kọ́kọ́ mú: ẹni tó ń pín ló ń mú kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ₦100 nínú tèmi fún àbúrò mi, mo sì ṣàlàyé ìṣirò náà fún un. Ó wò mí títí, ó ní, "Ti ẹ̀pà èṣí náà ńkọ́?"

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá mọ òǹkà ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ ti jẹ ẹ́ ní gbèsè òdodo. Ẹ jẹ́ ká san án kí wọ́n tó bi wá.