Ìlú Tí Gbogbo Ènìyàn Dákẹ́: Ṣé Ààbò Ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jẹyọ láàrin àwa òbí tí ọmọ wa bá fẹ́ lọ kàwé tàbí lọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. A ó ní kí ọmọ má ṣe lọ sí Chicago tàbí Houston, nítorí pé àwọn ọ̀daràn pọ̀ níbẹ̀. Ìlú kékeré ni kí ó wá, ìlú àgbẹ̀, níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Láyé òde òní, ó tilẹ̀ rọrùn láti rí iye tí ìjọba wọn fi ń díwọ̀n ìwà ọ̀daràn ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí bàbá sì fi ìka tọ́ka sí ìlú tí iye tirẹ̀ kéré jù. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí, ìfẹ́ ọmọ ni ó ń fà á. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé: kí ni iye náà ń kà gan-an? Ṣé ìlú tí ìwé rẹ̀ mọ́ náà ni ìlú tí ọkàn ènìyàn balẹ̀ nínú rẹ̀?

Láti ọdún 1930 ni àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FBI ti ń gba àkọsílẹ̀ jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ìlú. Wọn a ṣe ìṣirò iye ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ láàrin ènìyàn 100,000, kí wọ́n lè fi ìlú ńlá wé ìlú kékeré. Ní ọdún 1981, nínú gbogbo ènìyàn 100,000 tí ó wà ní Amẹ́ríkà, bí 10 ni wọ́n pa. Ìṣirò yìí ní láárí, ṣùgbọ́n ohun tí ó dé etí ọlọ́pàá nìkan ni ó lè kà. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ilé léèrè láti ọdún 1973 pé ta ni wọ́n jà lólè, ta ni wọ́n ṣe léṣe, ǹjẹ́ ó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá. Nínú àwọn tí wọ́n fi ipá ṣe léṣe, nǹkan bí ìdajì ni kì í sọ. Ìdajì kì í ṣe ohun kékeré. Ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá fi sùn, kò sí nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ojú ọgbẹ́ wà lára ẹni tí ó ni ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìlú kan kí a fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Orúkọ rẹ̀ ni Skidmore, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Missouri, ní àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Nodaway. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò ju bí 440 lọ. Àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù. Ìlú tí ó jẹ́ olú àgbègbè náà ni Maryville, níbi tí yunifásítì kan wà, irú ibi tí a lè rán ọmọ wa lọ pẹ̀lú ìdánilójú pé a ti rán an lọ sí ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ọkùnrin kan wà ní àgbègbè Skidmore tí ń jẹ́ Ken Rex McElroy. Fún nǹkan bí ogún ọdún, òun ni àwọn ará ibẹ̀ gbà pé ó ń jí ẹran wọn, tí ó ń jí ọkà àti epo mọ́tò wọn, tí ó sì ń sun ilé ẹni tí ó bá bínú sí. Ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 14 lóyún fún un. Nígbà tí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ fẹ́ dìde, ilé àwọn òbí ọmọ náà jóná, McElroy sì fi ọmọ náà ṣe aya, kí ẹlẹ́rìí má baà sí. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án lé ní ìgbà 20, kò sí èyí tí ó mú un, àfi ọ̀kan ṣoṣo níkẹyìn. Kì í ṣe pé ó lóògùn. Ó ní lọ́yà tí ó gbówọ́, ó sì ní sùúrù ọdẹ. Bí o bá fẹ́ jẹ́rìí sí i, wàá rí ọkọ̀ rẹ̀ lálẹ́ níwájú ilé rẹ, òun yóò sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, kò ní sọ ohunkóhun. Ilẹ̀ á mọ́, ìwọ á sì lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ojú rẹ ni ó ṣì rí, kì í ṣe òun. Ní ọdún 1976, àgbẹ̀ kan sọ pé ó yìnbọn fún òun. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, ọdẹ méjì jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ó wà lọ́jọ́ náà, kóòtù sì ní kí ó máa lọ ilé.

Nígbà tí ó di ọdún 1980, ìjà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ lórí súìtì. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ mú súìtì ní ṣọ́ọ̀bù láìsanwó. Baba tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ ẹni 70 ọdún. McElroy ń ṣọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀ kiri fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, títí ó fi yìnbọn lu baba náà lọ́rùn. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Lọ́tẹ̀ yìí, baba àgbà kò dákẹ́, ó dúró ní kóòtù, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1981, wọ́n dá McElroy lẹ́bi, wọ́n ní kí ó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n fún un ní béèlì, ó padà sí ìlú, ó sì gbé ìbọn tí ó ní ọ̀bẹ lẹ́nu wọ ilé ọtí, ó ń sọ ohun tí òun yóò fi ojú baba náà rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí yìí. Ìgbà tí ẹnìkan ní ìgboyà tí ìlú náà ti ń wá láti ogún ọdún, ìgbà náà ni òfin tú ọ̀daràn sílẹ̀ láti wá bá a nílé. Bí a ó bá pín ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, a kò gbọdọ̀ fi ti ìjọba sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje ọdún 1981, àwọn ará ìlú pé jọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà wá síbẹ̀, ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn, kí wọ́n má sì kò ó lójú, lẹ́yìn náà ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì kúrò nílùú. Ìròyìn dé pé McElroy wà ní ilé ọtí. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀. Ọkùnrin náà ra ọtí àti sìgá, ó jáde, ó bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún un ní ọ̀sán gangan, ó kéré tán ìbọn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yìn. Wọ́n ní àwọn tí ó wà lójú títì tó 46. Kò sí ẹni tí ó pe ọkọ̀ aláìsàn. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè ẹni tí ó yìnbọn, kò sí ẹni tí ó rí i. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ó dárúkọ ènìyàn kan, ẹ̀rí òun nìkan kò sì tó.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí FBI ti ń ṣírò. Ènìyàn kan ṣoṣo tí wọ́n pa nínú 440, tí a bá sọ ọ́ di 100,000, ó lé ní 220. Èyí ju ti gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún náà lọ ní ìlọ́po 20 àti jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí bàbá kan bá fi ìwé wo Skidmore, ọdún tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé àwọn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ni ìwé yóò pè ní ọdún tí ó burú jù. Àwọn ọdún tí ẹran ń sọnù tí olówó rẹ̀ kò lọ sùn, tí ẹlẹ́rìí ń jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí ó rí ọkọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn yẹn lè mọ́ nínú ìwé bí aṣọ àlà. Kò sí àyè nínú ìwé FBI tí a ń kọ orúkọ ẹni tí kò sùn sí.

Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ohun tí àwọn ará Skidmore ṣe dára. Wọ́n ní òfin kọ̀ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gba ara wọn. N kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Ó rọrùn fún ẹni tí ìbọn kò dúró níwájú ilé rẹ̀ rí láti sọ̀rọ̀ òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó pa ẹ̀rí àwọn apànìyàn mọ́ lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni ó ti ń gba McElroy sílẹ̀ láti ogún ọdún. Ọ̀kan ti inú ìbẹ̀rù wá, èkejì ti inú ìfohùnṣọ̀kan wá, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi pa dé. Bí bíi ènìyàn mẹ́wàá péré nínú àwọn 46 wọ̀nyẹn bá ti jọ lọ jẹ́rìí ní ọdún 1976, ta ni McElroy ì bá lọ ṣọ́ nínú wọn? Mọ́tò kan ṣoṣo ni ó ní lóru kan, kò lè dúró níwájú ilé mẹ́wàá. Ẹ̀sìn wa kò fi ojú kékeré wo ẹni tí ó gbé ẹ̀rí pamọ́, mo sì rò pé ìdí rẹ̀ nìyí: ẹ̀rí tí a gbé pamọ́ kì í kú síbi tí a gbé e sí.

Àwọn tí ó ń pàtẹ́wọ́ fún Skidmore kì í sábà rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ṣáájú, ní Maryville tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 1931, wọ́n ń mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Raymond Gunn, lọ sí kóòtù lórí ẹ̀sùn pé ó pa olùkọ́ obìnrin kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn já a gbà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, wọ́n mú un lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ náà kú sí, wọ́n dè é mọ́ orí òrùlé, wọ́n sì fi epo sun òun àti ilé náà. Àwọn sójà wà nítòsí, ẹnikẹ́ni kò ké sí wọn. Kò sí ẹni tí wọ́n bá ṣẹjọ́ lórí rẹ̀. Bí ó jẹ̀bi ni, bí kò jẹ̀bi ni, adájọ́ kò gbọ́ ọ. Àwa Yorùbá ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àjà kan náà ni Nodaway, ó sì gba àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó tún na ọwọ́ sí i.

Àwa tí a ń gbé ní ìlú tí a kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Onílẹ̀ lè rò pé bí ìlú bá dìde, òun yóò wà lára àwọn tí ó dìde. Àlejò kò lè fi bẹ́ẹ̀ dá ara rẹ̀ lójú. Síbẹ̀ mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, nígbà tí wọ́n bá dáná sun ẹni tí wọ́n pè ní olè lọ́jà, pé ó tọ́ sí i, pé ọlọ́pàá ì bá kúkú gba owó kí ó tú u sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọlọ́pàá ń gba owó. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pariwo “olè” lẹ́yìn rẹ lọ́la, tí wọ́n sì ti gbé táyà dé kí wọ́n tó béèrè ohun tí o jí, ǹjẹ́ ìwọ yóò lè fi èdè tí kì í ṣe èdè ìyá rẹ ṣàlàyé ara rẹ kí iná tó ràn? Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èrò kì í ní sùúrù láti ka ìka.

Nítorí náà, bàbá tí ó ń wá ìlú fún ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ó wo iye náà, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó tún wá ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ rí, kí ó bi í bóyá ẹni tí wọ́n jà lólè níbẹ̀ lè sọ ọ́ sókè kí ó sì padà sùn sí ilé rẹ̀. Kí ó béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún àlejò ìkẹyìn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Ìdáhùn kò ní sí nínú ìwé kankan.

Ní ti Skidmore, agbẹjọ́rò ìjọba kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, àwọn ọlọ́pàá àpapọ̀ náà wádìí títí, wọ́n fi sílẹ̀. Ní ọdún 1984, ìyàwó McElroy pe àwọn kan lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú, wọ́n sì fún un ní dọ́là 17,600 láìsí ẹni tí ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ìyàwó náà kú ní ọdún 2012. Àwọn ènìyàn tí ó kù nínú ìlú náà kò tó 300 mọ́. Ní òfin Missouri, ẹjọ́ ìpànìyàn kì í ní ọjọ́ tí ó ń kú, nítorí náà fáìlì yẹn ṣì lè ṣí lọ́la. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lójú títì lọ́jọ́ náà ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti gbé ohun tí wọ́n rí wọ sàréè.